Ọmọ Mi, Mọ́ọ̀kì Rẹ̀, àti Ẹ̀rù Mi

Ìwé tí ilé ìwé ọmọ mi fi ránṣẹ́ kò ju ojú ewé kan lọ. Ó ní ọ̀sẹ̀ méje ló kù kí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ṣe mọ́ọ̀kì, ìdánwò tí wọ́n fi ń dán ara wọn wò kí ojúlówó tó dé. Ó ní láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, gbogbo wọn yóò máa dúró fún lẹ́sìnnì lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí, títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan: ọmọ tí kò bá yege nínú mọ́ọ̀kì, ilé ìwé kò ní fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá lọ́dún yìí.

Ọmọ mi rò pé gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Kì í ṣe òun. Aago mẹ́fà yẹn ni.

Mo ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Adébáyọ̀. Bàbá ọmọ náà ti ṣaláìsí, èmi àti òun nìkan la wà nílé. Láti ilé ìwé rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mi, ìrìn bí ogún ìṣẹ́jú ni. Ọ̀nà ńlá ni, èrò kì í wọ́n níbẹ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn ajínigbé ti gbé èmi náà, èrò ń rìn níbẹ̀.

N kò ní dárúkọ ọ̀nà náà, n kò sì ní sọ ọdún tó jẹ́. Àwọn tó ṣe é ṣì wà láyé níbì kan, èmi náà ṣì wà láyé, mo sì fẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Òkú ìbátan wa kan la lọ sin, a ń bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn kò tíì wọ̀ tán. Wọ́n yọ láti inú oko kòkó. Àwa mẹ́fà ni wọ́n kó wọ igbó, àwa mẹ́rin la padà. Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi aṣọ dì mí lójú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka tébù ìsọdipúpọ̀ tí tíṣà fi ẹgba kọ́ wa nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti orí eéjì títí dé orí eéjìlá. Bí mo bá parí, mo tún bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sunkún, wọ́n sì ń lù ú nítorí ẹkún náà. Èmi kò sunkún, nítorí mo ní ohun tí mo ń kà.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ohun tí a bá rọ sí orí ènìyàn ló ń gbà á sílẹ̀. Ìwé tí èmi fúnra mi kà kò pọ̀, n kò kọjá ìwé mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ní ìlú wa, kò sí ẹni tó máa sọ fún ọ pé ìwé lè pọ̀ jù.

Mo lọ bá tíṣà ìṣirò tó ń ṣe àkóso lẹ́sìnnì náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ kí tèmi máa bọ̀ wálé ní aago méjì ààbọ̀, bó ṣe máa ń ṣe.”

“Ẹ kú ìrìn, Màmá. Kí ló dé? Lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tí wọ́n sinmi, wákàtí méjì ààbọ̀ péré la fẹ́ máa lò. A ó máa ṣe ìbéèrè ọdún tó kọjá, a ó máa fi àṣìṣe wọn hàn wọ́n. Ọmọ tó bá ń dá nìkan kàwé, àṣìṣe ara rẹ̀ ló máa há sórí.”

“Màá jẹ́ kó kà á níwájú mi. Ìlọ́po méjì, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìlọ́po méjì ẹ̀bà, Màmá, inú rírun ló ń dá sílẹ̀.”

N kò rẹ́rìn-ín. Ó mú bébà kan wá, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo yọ ọmọ mi kúrò. Mo kọ ọ́.

Bí mo ṣe pín àkókò rẹ̀ nìyí. Wákàtí méjì ní ìdájí kó tó lọ sílé ìwé. Wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn ilé ìwé, nínú ṣọ́ọ̀bù, lórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí máṣìnnì mi. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láàárín àwòrán àwọn aṣọ. Màmá kan wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, bíírò àti ìwé àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń tà. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé awò ojú wọn sókè, wọ́n ka ohun tí mo kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ó dáa,” ni wọ́n wí. “Ó ku omi.”

“Omi wo, mà?”

“Omi tútù nínú bàsíà. Ẹsẹ̀ nínú omi, orí nínú ìwé. Bí àwa ṣe kàwé nìyẹn. Oorun kankan ò lè gbé ọ níbẹ̀.”

Ọmọ mi ní, “Màámi, ṣé ìwé ni mo fẹ́ kà ni àbí ẹja ni mo fẹ́ pa?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sì lọ ra bàsíà.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú mi dùn débi pé ojú ń tì mí láti rántí rẹ̀. Àwọn ìyá tó wá wọn aṣọ máa ń dúró wò ó. “Ẹ wo ọmọ olórí pípé! Tèmi wà nílé, fóònù ló ń tẹ̀.” Wọ́n ń béèrè iye wákàtí tó ń kà, mo ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ orúkọ oyè. Ṣùgbọ́n ìwé náà gan-an kọ́ ló ń tù mí lára. Ohun tó ń tù mí lára ni pé bí mo bá gbé ojú sókè lórí ẹ̀rọ, mo ń rí i. Aago mẹ́ta, ó wà níbẹ̀. Aago mẹ́fà, nígbà tí ojú ọjọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà níta tí àyà mi sì máa ń já, ó ṣì wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo ṣàkíyèsí pé kì í ṣí ojú ewé mọ́. Ètè rẹ̀ ń mì, ojú rẹ̀ wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ojú ewé kan náà ló wà níwájú rẹ̀ láti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ kọ́là aṣọ kan títí mo fi rán an tán. Ó sùn lọ nídìí oúnjẹ nígbà kan, òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í ní ìbéèrè kan nínú báyọ́lọ́jì, mo ń wò ó nínú ìwé, ohun tó ti mọ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò mọ̀ ọ́n. Mo rò ó lọ́nà tí mo mọ̀: bí ohun tó ń kà kò bá dúró, kò tíì pọ̀ tó nìyẹn. Mo fi wákàtí kan kún un lóru, lẹ́yìn iṣẹ́ ilé.

Ọjọ́ Àìkú kan ló bẹ̀ mí, lẹ́yìn tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ lẹ́sìnnì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan. Wọ́n ti ṣe ìbéèrè ọdún márùn-ún. Èmi ò tíì ṣe ẹyọ kan.”

“Ìwọ ń ka odidi ìwé. Èwo ló pọ̀ jù nínú méjèèjì?”

“Mo ń kà á, kì í dúró, mà.”

“Tún un kà.”

“Aago mẹ́fà, oòrùn ṣì wà níta. Àwa mẹ́jọ la ó jọ máa rìn.”

“Àwa náà pé mẹ́fà.”

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. A kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn nílé wa. Ó wò mí, omijé kún ojú rẹ̀, ó sì tẹrí ba. “Ẹ má bínú, mà,” ló wí. Ó lọ mú ìwé rẹ̀, ó jókòó, ó ti ẹsẹ̀ bọ bàsíà. Omi inú rẹ̀ ti àná ni. Kò tilẹ̀ dà á nù.

Ìṣirò ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní mọ́ọ̀kì. Aago mọ́kànlá kò tíì lù nígbà tí tíṣà ìṣirò pè mí lórí fóònù. “Màmá, ẹ máa bọ̀. Kò kú o, ẹ má jáyà, ṣùgbọ́n ẹ máa bọ̀.” Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú aṣọ, mo gun ọ̀kadà.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì àwọn tíṣà. Wọ́n ní ó dìde láti fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣubú. Tíṣà náà kò bá mi jà. Ó kàn na ìwé ìdánwò náà sí mi. Ọmọ mi da gbogbo ìbéèrè kọ, láti orí ìkíní dé orí èyí tó kẹ́yìn, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, ìwé kíkọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò dáhùn ẹyọ kan. Tíṣà ní nígbà tí òun béèrè ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Mo ń kà á, sà.”

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló dá wa lóhùn.

“Wákàtí mélòó ló ń sùn lójúmọ́?”

“Méje,” ni mo dáhùn kíákíá.

“Mẹ́rin, mà,” ni ọmọ mi wí láti orí bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ kò ga. “Nígbà mìíràn, mẹ́ta.”

Mo rò pé nọ́ọ̀sì máa jágbe mọ́ mi. Kò jágbe. Ó yíjú sí mi. “Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Mélòó lẹ̀yin ń sùn?”

Láti ìgbà tí mo ti jáde nínú igbó, n kò sùn kọjá bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti gbàgbé pé àwọn ẹlòmíràn ń sùn. Bí èmi ṣe ń gbé ni mo mú ọmọ mi wá gbé, mo sì pè é ní ìwé kíkà.

Ọ̀gá ilé ìwé ní àwọn ọmọ mélòó kan ṣàìsàn nígbà mọ́ọ̀kì, àwọn yóò tún un ṣe fún wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Tíṣà ìṣirò sọ ohun tó fẹ́ níwájú ọ̀gá: lẹ́sìnnì títí di aago mẹ́fà, kò gbọ́dọ̀ sí ìwé kankan nílé ju wákàtí kan lọ, kí ó sì lọ sùn. Ọ̀gá bi mí bóyá mo gbà. Ọmọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò wo ojú mi, ìka ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Mo ní mo gbà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, láti aago márùn-ún ni mo ti ń rán àpò kan. Ìgbà mẹ́ta ni mo rán an sí òdì tí mo tún tú u. Nígbà tí ó di aago mẹ́fà mo dìde. Màmá tíṣà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n ní, “Jókòó. Bí o bá lọ pàdé rẹ̀ lónìí, wàá lọ lọ́la, kò sì ní tán.” Mo jókòó. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún. Kò sí ẹni tó ń bọ̀. Mo gbọ́ ọkọ̀ kan tó fi bíréèkì dúró lójijì níbi oríta, ìtọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára mi. Mo sọ ọ́ nítorí pé òótọ́ ni.

Ó kù díẹ̀ kí ó di aago méje nígbà tí mo rí i. Òun àti àwọn ọmọbìnrin méjì ń bọ̀, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun, ó ń sọ nǹkan kan tí àwọn yòókù ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè tó rí mi, ẹ̀rín náà sì tán. Ó nu ẹnu rẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́, mà,” ló wí, ó kọjá lọ sínú ṣọ́ọ̀bù.

Bí gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì náà ṣe rí nìyẹn. N kò rí ọ̀kan tó rọrùn nínú wọn.

Ó yege. Kò yege dáadáa, ìṣirò rẹ̀ fi díẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dé, ṣùgbọ́n wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìdánwò gan-an kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ìyá ṣì ń wá wọn aṣọ, wọ́n ṣì ń béèrè iye wákàtí tó yẹ kí ọmọ fi múra sílẹ̀ fún mọ́ọ̀kì. Mo ń sọ fún wọn pé wákàtí méjì, bó bá pọ̀ jù mẹ́ta, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n ju ọmọ lọ, kí wọ́n jẹ́ kó sùn. Wọn kì í fẹ́ràn ìdáhùn náà. Àwọn kan máa ń kọjá sí ọ̀dọ̀ màmá tíṣà lọ béèrè tiwọn, n kò sì mọ ohun tí màmá ń sọ fún wọn.

Ọmọ mi kì í kàwé níbi tí mo wà mọ́. Yàrá ló ń wọ̀ lọ, tí yóò sì ti ilẹ̀kùn. Lánàá mo kan ilẹ̀kùn náà, mo bi í bóyá ó ti kàwé.

“Ó ti tó, mà.”

Mo fẹ́ béèrè pé wákàtí mélòó. N kò béèrè. Mo dúró, mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yàrá, mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ láìséwu. Síbẹ̀ mo jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo lọ wo títì.