Agogo Tí Dora Gbé Kúrò Ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Bí ẹ bá dé Iyansan tẹ́ ẹ ní ẹ ń wá Dora onípupuru, èéfín ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ojú ẹ̀ máa ń pọ́n, èékánná ẹ̀ ò sì funfun rí. Ẹ̀gẹ́ tó bá ti rẹ fún ọjọ́ mẹ́rin, òun fúnra ẹ̀ ló máa yọ okùn inú ẹ̀, tó máa fún un gbẹ, tó máa ṣù ú roboto, kó tó kó o sórí àjà tí iná wà lábẹ́ ẹ̀, títí tó máa fi di pupuru. Ilé wa kọjú síra, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Akínrẹ̀mí ọkọ ẹ̀ ló ní lọ́rì tó máa ń kó ẹyìn lọ sí Okitipupa. Nígbà tí lọ́rì náà kú, ó yọ wíìlì kan lára ẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n so ó mọ́ igi máńgòrò, ó di agogo. Bẹ́ ẹ bá fi irin lù ú, ẹni tó wà lóko á gbọ́. Bí ọmọ ìjọ bá kú, iye ọdún tó lò láyé ni wọ́n máa ń lù. Ọmọ tí ò bá tíì pé ọdún kan, ẹyọ kan. Nígbà tí Akínrẹ̀mí fúnra ẹ̀ kú ní 1993, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n lù ú. Dora jókòó sílẹ̀ tòun ti oyún oṣù mẹ́fà, ó ń kà á.

Ọdún méjìlá ló fi wá oyún yẹn o. Ó bí obìnrin, ó sọ ọ́ ní Ìyanuolúwa. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n sàmì fọ́mọ, kí wọ́n bu omi sí i lórí, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, àlùfáà tó ń bọ̀ láti Okitipupa ò lè kọjá. Dora wá lọ bẹ Kátíkíìsì pé kó bá òun ṣe é. Ajíbóyè ni Kátíkíìsì wa, tó ń darí ìjọ bí àlùfáà ò bá sí, ará Ìkirè, tíṣà tó kọ́ mi ní Bíbélì ní sẹ́kọ́ńdírì. Háńkáṣíìfù funfun ló máa fi nu àga kó tó jókòó, àní lójú ẹni tó gbé àga fún un. Ó ní kí Dora dúró de àlùfáà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ibà pa ọmọ náà. Oṣù márùn-ún péré.

Dora lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n lu ẹyọ kan yẹn fọ́mọ òun. Ajíbóyè kọ̀. Ó ní ọmọ ìjọ là ń lu agogo fún, pé omi la fi ń ṣílẹ̀kùn ọ̀run, ọmọ yìí ò sì gba omi.

Kálukú wá ń sọ tiẹ̀. Àwọn àgbà ilé ní ọmọ náà yóò padà wá. Rose aládùúgbò wa, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, ní ó ti di áńgẹ́lì, ó ti ń bá wọn kọrin. Dora ní ọmọ tí ò tíì lè pe màmá, orin wo ló fẹ́ kọ.

Láàárọ̀ Sátidé, mo rí i tó gbé àkàbà kọjá. Ó fi àdá gé wáyà tí wọ́n fi so wíìlì, ó fi òṣùká rù ú, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru ìkòkò omi. Ó so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà búkà tó ti ń yan pupuru.

Lọ́jọ́ kejì, agogo ò dún, ìwàásù ti fẹ́ẹ̀ parí kí àwọn míì tó dé. Bí wọ́n ṣe túká, Ajíbóyè mú àgbà ìjọ méjì dání, ó di ọ̀dọ̀ Dora. Dora ń fi ọ̀bẹ ha dúdú ẹ̀yìn pupuru. Kò dìde.

“Ìyá Ìyanu, ohun ìní Ọlọ́run lẹ gbé.”

“Wíìlì ọkọ mi ni mo gbé, sà. Ọlọ́run ò ní lọ́rì.”

Àgbà ìjọ kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́. Kátíkíìsì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù nípa ìtẹríba, Dora dá a lẹ́nu dúró.

“Kátíkíìsì, ibo lọmọ mi wà?”

Ó tú háńkáṣíìfù ẹ̀, ó tún ká a. “Ọwọ́ Ọlọ́run ló wà. Èèyàn ò lè sọ.”

“Ẹ ò lè sọ, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ̀.” Ó la pupuru ọwọ́ ẹ̀ sí méjì. Òde dúdú, inú funfun báláú. “Òde nìkan lẹ mọ̀ ọ́n wò.” Ó wá na irin sí i. “Ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi lù ú. Kẹ́ ẹ wá máa gbé e lọ.”

Àwọn àgbà ìjọ ń wo Ajíbóyè. Kò gba irin náà. Ó ní òun ò ní ṣe ohun tí ìjọ ò fàṣẹ sí. Ó nu ọwọ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, ó lọ.

Látìgbà náà, àràárọ̀ tí Dora bá ti fẹ́ dáná, á kọ́kọ́ lu wíìlì náà lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ Sunday nìkan ló máa ń dúró di aago mẹ́wàá gbáko, tí ìsìn máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kí Ajíbóyè náà lè gbọ́.

Agogo kékeré tí ṣọ́ọ̀ṣì rà, ìró ẹ̀ ò kọjá ìdí máńgòrò. Nígbà tó yá, ti Dora la wá fi ń mọ̀ pé ìsìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Sunday tó kọjá, mo tètè dé, mo bá Ajíbóyè lẹ́nu ilẹ̀kùn, Bíbélì lábíyá, ó ń wo aago ọwọ́ ẹ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìró ẹyọ kan yẹn dún láti búkà Dora. Ó tọ́jú háńkáṣíìfù ẹ̀ sápò, ó wọlé, ó pe orin.

Dora ò wá. Láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń wo èéfín ẹ̀.