Àna Oòrùn àti Dígí Olókè-dúdú

Ọjọ́ tí Àna Oòrùn onífọ́tò sọ ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ bàtà di òjìji, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ ládùúgbò. Wọ́n pè é kó wá ya gbogbo òṣìṣẹ́ ní fọ́tò. Ọ̀gá, tó ga bí òpó iná, dúró sáàárín ìlà ẹ̀yìn pẹ̀lú táì pupa tuntun. Géètìmáànù, tí kò ga ju àga lọ, lóṣòó síwájú. Fọ́tò jáde. Géètìmáànù ń dán bí ọkọ ìyàwó. Ọ̀gá ńkọ́? Láti àyà lọ sókè, òkùnkùn biribiri. Eyín nìkan ló hàn.

"Èmi dà?" ni ọ̀gá bi í.

"Ẹ̀yin nìyí, sà. Ẹ ò rí eyín yín ni?"

"Kí ló wá dé tí mo dúdú báyìí?"

"Ìmọ́lẹ̀ yín ló pọ̀ jù, sà. Kámẹ́rà mi ò gbà á."

Ọ̀gá ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó mi orí, ó sì gbé fọ́tò náà kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀.

Ìyàwó Àna Oòrùn nìkan ló mọ òótọ́ ibẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti lọ ya oòrùn tó ń wọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó sì gbàgbé láti yọ dígí olókè-dúdú kúrò lójú kámẹ́rà.

Dígí yẹn, àrà ni! Ìdajì òkè rẹ̀ dúdú, ìdajì ìsàlẹ̀ mọ́ gaara, àárín rẹ̀ sì ń là díẹ̀díẹ̀ bí ìdájí. Bí oòrùn bá ń wọ̀, ojú ọ̀run a máa tàn yòò nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣókùnkùn. Bí kámẹ́rà bá gbọ́ ti ọ̀run, ilẹ̀ á di èédú. Bó bá gbọ́ ti ilẹ̀, ọ̀run á funfun báláú. Dígí yìí ló ń sọ fún ọ̀run pé, "Rọra, jẹ́ kí àbúrò rẹ náà sọ̀rọ̀." Kíá, pupa fòò, àwọ̀ ọsàn, elésè-àlùkò, gbogbo wọn á tú jáde, ewéko ilẹ̀ náà á sì hàn lọ́kọ̀ọ̀kan! Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹni tí orí rẹ̀ bá ti yọ sójú ọ̀run, òkùnkùn á bo ojú onítọ̀hún.

Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn ló sọ ọ́ ní Àna Oòrùn. Ó ní ọkùnrin tó ń ju iṣẹ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń bọ́jú, tó ń sáré lọ kí oòrùn, ó ní láti jẹ́ pé ọmọ oòrùn ló fẹ́. Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, á ké láti ṣọ́ọ̀bù: "Ẹ̀gbọ́n, àna yín ń lọ o!"

Kó tó rí ojúlówó dígí rà, èéfín àtùpà ló fi kun ìdajì dígí kan. Lọ́jọ́ yẹn ni ìyàwó rẹ̀ wọ kíṣìnì tí atẹ́gùn fẹ́ iná sítóòfù pa.

"Bàbá àwọn ọmọ, dígí fèrèsé mi dà?"

"Ó ti lọ síbi iṣẹ́."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Tí oòrùn bá ti wọ̀."

Àna Oòrùn tún dìde lórí àga oníṣègùn eyín lọ́jọ́ kan, òwú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, torí pé ó rí àwọsánmà tó ń pọ́n lójú fèrèsé.

"Bàbá, eyín yín ńkọ́?" ni oníṣègùn ké tẹ̀ lé e.

"Eyín á wà níbẹ̀ lọ́la. Oòrùn òní ló ń lọ yẹn!"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun ìyàwó rẹ̀ ni pé gbogbo fọ́tò tí òun ti dúró níwájú oòrùn, kò sí èyí tó ní ojú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣí ìwé fọ́tò wọn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kùkùté wo lẹ wọ aṣọ fún yìí?"

"Èmi ni kùkùté."

Bí àlejò ti lọ tán, ìyá àwọn ọmọ gbiná. "Ọgbọ̀n ọdún! Aṣọ mi hàn, bàtà mi hàn, kòkòrò tó bà lé bàtà mi hàn. Ojú mi dà? Ẹ tan fíláàṣì!"

"Fíláàṣì kẹ̀? Ta ló ń tan tọ́ọ̀ṣì sójú àna rẹ̀?"

"Ẹ yáa mú ọ̀kan, oòrùn tàbí èmi."

"Mi ò mú ọ̀kan. Kí n tó kú, ojú rẹ àti oòrùn máa wà nínú fọ́tò kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò mọ iṣẹ́."

Ó kọ́kọ́ ní kí ìyá dúró sínú kòtò, kí orí rẹ̀ má bàa dé ojú ọ̀run. Ìyá yọjú bí ọ̀kẹ́rẹ́, koríko bo imú rẹ̀, ó sì fi ìbínú sùn lọ́jọ́ náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó kọ ẹ̀yìn sí pápá tí oòrùn ń wọ̀ sí, ó ń fọ bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì. Àwọn funfun tó ti fọ̀ wà lórí okùn níwájú rẹ̀. Ló bá gbọ́ ariwo káfíńtà: "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ má fi àkàbà mi lọ sílé àna yín o!"

Ìyá gbójú sókè. Ọkọ rẹ̀ ló wà lórí àkàbà lára ògiri, kámẹ́rà lójú. Ó ti wá yé e: kì í ṣe ìyàwó ló yẹ kó sọ̀kalẹ̀, òun ló yẹ kó gòkè! Láti òkè yẹn, ìyá wà nísàlẹ̀ ojú ọ̀run pátápátá.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ má kán lẹ́sẹ̀!"

"Má mira! Àwọn ṣíìtì yẹn ń da ìmọ́lẹ̀ sí ẹ lójú!"

Ẹ̀rín pa ìyá. Kámẹ́rà ró kẹ́ẹ́. Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó gbé àkàbà padà fún káfíńtà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àìsàn ọjọ́ díẹ̀ mú un lọ. Ìyá rò pé ìlérí náà ti bá a lọ ni, àfi ìgbà tí káfíńtà kan ilẹ̀kùn, tó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé dání.

"Ìyá wa, ẹ̀gbọ́n ló ní kí n ṣe férémù sí i. Wọ́n ní kí n wá igi tó dáa, kí n má kánjú. Mi ò mọ̀ pé àwọn ló ń kánjú."

Ìyá tú u. Ọ̀run ń jó pupa fòò láti etí dé etí, oòrùn jókòó sórí pápá bí ọba, òun náà jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ẹnu yà gbàgà fún ẹ̀rín, ìfófòó ọṣẹ wà lórí imú rẹ̀.

"Ẹ wo ọkùnrin yìí! Gbogbo ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣọ́, ẹ ò rí ojú mi. Ọjọ́ tí ọṣẹ wà nímú mi lẹ wá rí i." Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà pọ̀ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì, bí ọjọ́ ti rọ̀, ẹnu káfíńtà ṣáájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: "Àna yín ń lọ o!" Lójijì ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá wà lórí àpótí rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó kọjú sí oòrùn.

"Mo ti rí i," ló dáhùn. "Ọkọ mi ló ń sìn ín lọ."