Ikùn Mi àti Àwọn Agolo Tó Tẹ̀

Mo ń di ṣúgà sínú ọ̀rá fún oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tudu, ní Accra, nígbà tí nǹkan kan dún nínú ikùn mi bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ tábìlì lórí sìmẹ́ǹtì. Oníbàárà náà bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ káńtà, bóyá ajá ló wà níbẹ̀. Kí n tó lè sọ pé èmi ni, ìrora kan ti lọ́ mi nífun. Mo sáré jáde, mo fi ọkùnrin náà, ṣúgà àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bisikíìtì níbẹ̀. Mi ò fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ìbáà ṣe láti lọ kírun.

Láti ọjọ́ náà ló ti di ìṣe. Ikùn mi á wú bíi ti aláboyún oṣù márùn-ún, afẹ́fẹ́ á kún un, ìrora á mú mi nísàlẹ̀ ìdodo, ìgbẹ́ olómi á sì tẹ̀ lé e. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ibà ò mú mi, mi ò sì rù. Mo sọ èyí nítorí pé ẹni tí tirẹ̀ bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú, tàbí tó ń rù, kò gbọdọ̀ dúró pẹ́ bí mo ṣe dúró. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i.

Ẹnì kan tún wà tó ń kíyè sí mi. Kwaku ló ń ṣọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí gbogbo wa ń lò ní àdúgbò ọjà. Bó bá ti rí mi lókèèrè ni yóò pariwo pé, "Máàmi Alátà! Yàrá yín ti wà ní sẹpẹ́!" Alátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Accra. Gbogbo èrò inú trótró, ọkọ̀ akérò tó ń kọjá, á yíjú wò mí. Lọ́jọ́ kan ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Máàmi, kí ló dé tí ẹ kì í yà sọ́dọ̀ mi ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè? Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Mo ní ààwẹ̀ ni mo máa ń gbà lọ́jọ́ méjèèjì. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, Bàbá Ràímọ̀, ó ní èrè ààwẹ̀ nìyẹn, pé Ọlọ́run ló ń fún ikùn mi nísinmi. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Àǹtí Dede, ọmọ ẹ̀yà Ga tó ń ta kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń dì bí ẹ̀kọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló fún àìsàn náà lórúkọ. "Ọgbẹ́ inú ni," ó ní. "Mílíìkì ni kí o máa mu, yóò bò ó mọ́lẹ̀." Ìmọ̀ràn yìí bá ohun tó wà nílé mu. Nínú òwò wa, kò sẹ́ni tó ń ra agolo tó bá tẹ̀. Ilé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ń lọ. Lóṣù tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, páálí mílíìkì méjì já bọ́ látorí ọkọ̀, èmi ò sì fẹ́ràn kí nǹkan ṣòfò. Kí Àǹtí Dede tó sọ̀rọ̀ ni mo ti ń mu ún láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sọ ọ́ di oògùn. Ìrora dé, mo mu agolo kan. Ìrora le, mo mu méjì.

Ǹ bá máa fara dà á bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ Múfútàù, àbúrò mi, pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá ti ń gbàgbé orúkọ wa. Lánàá, orúkọ Bàbá tó ti kú ni wọ́n fi pè mí. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín, ẹ má pẹ́ o." Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi wá sí Accra. Ìgbà díẹ̀ ni mo ti rí ìyá mi láti ìgbà náà. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé máa ń gba ọ̀sán kan àti òru kan, ó ń kọjá Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, kò sì sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú rẹ̀. Mo dé ibùdókọ̀ pẹ̀lú àpò mi. Mo mu agolo kan kí ikùn lè dákẹ́ lọ́nà. Kí wọ́n tó pe orúkọ mi, mo ti sá padà sílé.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Kaneshie. Wọ́n ní kí n mú ìgbẹ́ wá fún àyẹ̀wò, mo sì gbé e sínú ọ̀rá dúdú. Obìnrin tó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì ń wo ọ̀rá náà ṣáá. Ó ní, "Sísítà, ṣé kẹ́ńkè yẹn gbóná?" Mo ní ó ti tutù. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó, ẹ̀rù jẹjẹrẹ ń bà mí, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àyẹ̀wò kò rí aràn, kò rí kòkòrò tó ń fa ọgbẹ́ inú. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ gíláàsì ojú, wá ka ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè.

"Kí lẹ máa ń lò bí ó bá ń dùn yín?"

"Mílíìkì."

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Agolo kan. Bó bá le, méjì."

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́ ẹnu, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má bínú.

Èdè Twi ló fi ṣàlàyé, bó ṣe yé mi ni mo kọ ọ́ síhìn-ín. Ṣúgà kan wà nínú wàrà, ìyẹn mílíìkì, tí ara kò lè gbà àfi bí ìfun bá ṣe èròjà kan tí yóò gé e sí méjì. Lákítéèsì ni wọ́n ń pe èròjà náà. Bí kò bá tó, ṣúgà náà á ṣàn lọ sínú ìfun ńlá, á fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò tí kò ṣeé fojú rí á sì sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ariwo tábìlì nìyẹn.

Mo bi í bóyá ìfun mi ti sọ ìmọ̀ iṣẹ́ náà nù. Ó ní rárá. Ìwé ìlànà kan náà ló wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ tín-ín-tín tí a fi mọ ara, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ọpọlọ. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni jíìnì. Ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣí ara rẹ̀. Àwọn purotéènì kan ló ń jókòó nítòsí ojú ewé, tí wọ́n ń pàṣẹ pé kí a da èyí kọ, kí a fi tọ̀hún sílẹ̀. Aṣíwèé ni mo sọ wọ́n. Àwọn aṣíwèé ìfun yàtọ̀ sí ti ọpọlọ. Nínú ọpọlọ, ojú ewé wàrà wà ní pípadé. Èyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn ni wọ́n ń ṣí. Nínú ìfun ọmọ ọwọ́, ojú ewé wàrà kì í padé. Bí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, nínú ọ̀pọ̀ wa, wọ́n á máa pa á dé díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan wà, bí ọ̀pọ̀ Fúlàní, tí lẹ́tà kan yàtọ̀ nítòsí ojú ewé náà, tí aṣíwèé fi ń rí ìjókòó tó dára títí di ọjọ́ ogbó. "Ẹ̀yin ò sí lára wọn, Máàmi. Ṣíbí méjì nínú tíì kò burú. Agolo méjì lójúmọ́ ni wàhálà."

Mo wá bi í nípa ìyá mi: ṣé aṣíwèé ọpọlọ wọn ló pa ojú ewé orúkọ mi dé? Kò tàn mí. Ó ní ìgbàgbé ogbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ewé kan, pé sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fúnra wọn ni wọ́n ń kú. "Ẹ tètè lọ," ó ní.

Àmọ́ ó fẹ́ ìdánilójú: ọ̀sẹ̀ méjì láìsí mílíìkì, lẹ́yìn náà ife kan péré. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ikùn mi dákẹ́ bí ilé tí àlejò ti kúrò. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún mo mu ife náà ní ṣọ́ọ̀bù, mo wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó pé wákàtí kan nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tábìlì. Mi ò fi ayọ̀ sáré bẹ́ẹ̀ rí. "Máàmi Alátà!" Kwaku ké. "Mo rò pé ẹ ti rìnrìn àjò!"

"Ọ̀la ni," mo dá a lóhùn.

Bàbá Ràímọ̀ ní, "Nítorí náà, ọjà tìrẹ ló ń pa ọ́." Ó sì kó ìyókù agolo náà sínú yàrá rẹ̀.

Mo jókòó nínú bọ́ọ̀sì láti Accra dé òpin ìrìn àjò, ikùn mi ò sì sọ ohunkóhun. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi. Wọ́n wò mí pẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n pè mí, orúkọ àbúrò wọn. Múfútàù sọ orúkọ mi sókè, ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n mi orí fún un bí ẹni tó ń ṣe àlejò. Ìyàwó rẹ̀ gbé wàrà wá fún mi nínú abọ́, tòun ti omi rẹ̀. Mo fẹ́ kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àmọ́ ìyá mi na ọwọ́, wọ́n fa abọ́ náà sọ́dọ̀ ara wọn.

"Ẹ má fún èyí. Wàrà máa ń lé e kiri. Láti kékeré ni."

Múfútàù ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Mo ní, "Ìyá, oṣù márùn-ún ni mo fi ń sáré. Ẹ ò sì sọ fún mi."

Wọ́n ní, "Ṣé o bi mí ni?"

Wọn ò rántí orúkọ mi títí tí mo fi padà. Mo dúpẹ́ síbẹ̀ fún ikùn tó ń pariwo, nítorí òun ni ìyá mi fi dá mi mọ̀.