Ìbọn Gígé àti Omi Orí Iná

Bí táyà ọkọ̀ ńlá bá bẹ́ ní Ìyànà Ìbà, ọwọ́ mi á ti kan ìkòkò kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí mo fẹ́ gbé omi kaná fún. Màá bú ara mi. Màá ní, "Ìyá arúgbó yìí, ṣé orí rẹ ti ń yí ni?" Kò sẹ́ni tó máa dá mi lóhùn. Àwọn sítúdẹ́ǹtì tó háyà àwọn yàrá yòókù á kí mi ní "Good evening, ma," wọ́n á ti ilẹ̀kùn wọn, ó di ọjọ́ kejì.

Ìyàwó ọdẹ ni mí. Ẹ má bínú pé "ó" ni mo máa pe ọkọ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó wà láyé, "ẹ" ni mo ń pè é, àbí ta ló bí mi dáa tí màá la ẹnu pe ọkọ mi ní "o"? Ní báyìí, kò lè bá mi jà mọ́. Ká ní ó lè bá mi jà ni, inú mi ì bá dùn.

Ìjọba alágbádá kò tíì ṣubú nígbà tí a dé Ìbà láti apá Ọ̀yọ́. Ilé wa ló gbẹ̀yìn nígbà náà. Tí èèyàn bá ti kọjá bálùwẹ̀ wa, igbó ló kù, igbó tó lọ títí dé irà. Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ. Mo ti sọ ọ́, ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Nílé àwọn ọkọ mi, ìyàwó ọdẹ kì í béèrè pé, "Ṣé ẹ rí nǹkan pa?" Bó bá ti gbọ́ ìró ìbọn ọkọ rẹ̀ báyìí, ṣe ló máa dáná, tó máa gbé omi tí wọ́n fi ń họ irun ẹran kaná. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi. Wọ́n ní tí ọkọ bá wọlé tí omi kò tíì sí lórí iná, a jẹ́ pé ìyàwó ti sọ láìla ẹnu pé ọkọ òun tàsé. Nítorí náà, mo ní láti mọ ohùn ìbọn ọkọ mi láàárín ìbọn gbogbo ọdẹ tó wà ní àdúgbò. Ṣákábùlà ni tàwọn yẹn, ó máa ń dún gbòò, èéfín á sì bo igbó. Ti ọkọ mi ń dún pá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni fi ọ̀pá na ẹní. Ráífù kékeré tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni. Ọta rẹ̀ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ gùn gan-an. Tó bá fi ìdí rẹ̀ kanlẹ̀, ẹnu rẹ̀ á dé mi láyà. Ibi tí ẹran bá dúró sí nígbà tó yìn ín, kì í jìnnà síbẹ̀ kó tó ṣubú.

Bí mo bá ti gbọ́ pá, màá fọn iná. Kí omi tó hó, màá máa gbọ́ ìfé tó máa ń sú bọ̀ lọ́nà tó bá ti pa ẹran. Ẹ ò mọ bí ìfé yẹn ṣe máa ń rí lára mi.

Àwọn èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé igbó, wọ́n ń kọ́lé. Ẹran sá kúrò, ó di ẹ̀yìn Òkòkòmáìkò. Ọkọ mi wá ní láti máa wọ bọ́ọ̀sì lọ ṣọdẹ. Ìgbà àwọn sójà ti dé, wọ́n sì wà lójú títì. Tí kọ̀ńdọ́ bá ti rí ọ̀pá gígùn yẹn lórí itan rẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ má kó bá wa." Ó rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìbọn náà lọ bá wẹ́dà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà àgbò ní Alábà. Nígbà tó padà dé, inú àpò ìrẹsì ló ti yọ ọ́. Mo wò ó títí. Ó ti kúrú, ó dà bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n ti lò tán.

"Kí lẹ ṣe síbọn bàbá yín?"

"Mo gé e. Kò ní hàn nínú àpò mọ́. Wá gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ó gbé e dé ẹ̀yìn ilé, ó yìn ín. Gbàù! Iná yọ lẹ́nu rẹ̀, páànù ilé mì, adìẹ ò mọ ibi tí wọ́n máa gbà. Àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Háà! Ìbọn ti gba agbára!" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Orí ṣákábùlà ni gbogbo wọn dàgbà sí. Nínú ṣákábùlà, tí o bá ki ẹ̀tù sí i, ariwo á pọ̀ sí i, ẹran á sì fara gbá a ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ariwo ni wọ́n fi ń wọn agbára.

Ó yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ìyàwó, o gbọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́. Gbogbo Ìbà ló gbọ́."

Láti ọjọ́ náà lọ, omi mi ń hó lásán. Àwọn ọjọ́ tí kò bá wọ bọ́ọ̀sì, tó jẹ́ létí irà ẹ̀yìn ilé ló ti ń ṣọdẹ, màá gbọ́ gbàù, màá sáré dáná, omi á hó títí á fi gbẹ dé ìdajì. Ìfé kò ní dún. Á wọlé tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, á ní òun tọ ipa ẹ̀jẹ̀ lórí ewé, òun ò rí ẹran. Màá fi omi yẹn tẹ ẹ̀bà, a ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ òfìfo. Ẹni kan ṣoṣo tí mo ní láti bá sọ̀rọ̀ jókòó tì mí, kò sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń dá wà, kó tó wá di pé mo dá wà lóòótọ́.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní Ọ̀jọ́ tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo àwọn ọdẹ. Ó wá kí wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gba ìbọn náà lọ́wọ́ ọkọ mi, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó mí kanlẹ̀.

"Ta ló ní kó o gé e?"

"Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó ń bú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ohun tó ń bú yẹn gan-an ni ò ń pàdánù. Inú ọ̀pá ló yẹ kí ẹ̀tù ti jó, kó máa ti ọta bọ̀. O wá gé ọ̀pá, ìta ni ẹ̀tù ti ń jó. Iná tó ò ń rí yẹn, ariwo yẹn, kò wúlò fún ọta mọ́. Ọta rẹ sì kéré. Ọta ńlá lè fi ìwúwo pa ẹran. Eré nìkan ni tìẹ ní. Tí eré bá kúrò lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ ló kù tí ò ń jù."

Bàbá náà yíjú sí èmi tí mo gbé omi wá fún wọn. "Ìyàwó wa, ẹ gbọ́ o. Ọ̀yà tó bá gbọgbẹ́ á sá lọ, kò burú. Ṣùgbọ́n túùkú kì í sá. Tó bá fi abẹ́rẹ́ yìí gún túùkú, ẹlẹ́dẹ̀ igbó yẹn á padà wá bá a."

Bí bàbá yẹn ṣe ń jáde, mo kúnlẹ̀ fún ọkọ mi. Mo ní, "Mi ò lọ́mọ, mi ò ní ẹbí kankan nílùú yìí. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí túùkú, ẹ gun igi, kó máa bá tirẹ̀ lọ." Ó gbé mi dìde. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun á wá ìbọn mìíràn, ọ̀yà nìkan lòun á máa yìn títí ìgbà yẹn. Ó pa àdéhùn yẹn mọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó pa á mọ́ títí ẹ̀rùn fi tán.

Obìnrin Ègùn kan ló ń dáko ẹ̀gẹ́ létí irà náà. Ó wá bá wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ẹkún. Túùkú ti hú ìdajì oko rẹ̀. Ó bẹ ọkọ mi, ó bẹ̀ ẹ́, ó tún wólẹ̀. Mo ní, "Ó tì o! Ẹ sọ fún un pé ìbọn yín ti bàjẹ́." Ọkọ mi wo obìnrin náà, ó wò mí.

"Ìyàwó, ọdẹ ni mí. Kí ni kí n sọ fún un?"

Ó ní òun á sún mọ́ ọn dáadáa kóun tó yìn ín, ọta náà á wọlé. Ó gbé àpò ìrẹsì kọ́ èjìká, ó tẹ̀ lé obìnrin náà.

Oòrùn ti ń mú nígbà tí mo gbọ́ gbàù. Mo dáná, mo gbé omi kaná. Ìkòkò ńlá ni mo gbé, nítorí túùkú kì í ṣe ẹran kékeré. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n a ó tà á. Mo wá gbọ́ gbàù kejì. Ìbọn ọkọ mi kì í dún lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúró ti iná yẹn, mo ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Mo ní, "Hó, jọ̀ọ́. Hó kíákíá." Mo ń tetí sí ìfé. Igbe obìnrin Ègùn yẹn ni mo gbọ́.

Orí ilẹ̀kùn ahéré ni wọ́n fi gbé e wá. Eyín túùkú ti fa itan rẹ̀ ya. Àwọn tó lọ pa túùkú náà lẹ́yìn ìgbà yẹn ní ọ̀rá èjìká rẹ̀ ni àwọn ti bá ọta méjèèjì, wọn ò tilẹ̀ dé eegun. Ẹnì kan sáré lọ wá tasín ní Ìyànà Ìbà. Mo gbé orí ọkọ mi lé ẹsẹ̀ mi. Ó lajú, ó ń wo èéfín tó ń jáde láti ẹ̀yìn ilé.

"Ìyàwó, omi ńkọ́?"

"Ó ti hó."

"O káre," ló sọ. Nígbà tí tasín máa fi dé, ó ti kú.

Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ di alẹ́ kí wọ́n tó sin ín. Àwọn àfáà dé, wọ́n na aṣọ yí ẹ̀yìn ilé ká, wọ́n ní kí ẹnì kan bá àwọn wá omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí àwọn máa fi wẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi ìdáná kiri.

Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ dáná. Mo mú korobá, mo bu omi gbígbóná láti inú ìkòkò ńlá yẹn, mo bu omi tútù là á, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́ wò kó má bàa jó o.