Ẹ̀rọ Àlòkù Tí Mo Kọ̀

Mo rántí òórùn ọṣẹ dúdú tó máa ń gba ilé wa kan láàárọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pe Banjul ní Bathurst. Ìyá mi ló wọ ọkọ̀ ojú omi láti Nàìjíríà wá wẹ àkọ́bí wa, torí lójú tiwọn, kò sí obìnrin ní gbogbo ilẹ̀ Gambia tó mọ ọmọ wẹ̀. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ lé e, orin á sì bẹ̀rẹ̀: "Omi ló gbóná, ọmọ má sunkún, bàbá rẹ náà sunkún rí, Àkànní ọmọ…" Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bọ́ sínú oríkì kan tí àwọn fúnra wọn hun fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n.

Èmi náà ń pe ara mi ní olórin nígbà náà. Ẹ gbọ́ mi o! Olórin tó ń ta aṣọ lọ́jà, tó ń gbóhùn sókè níbi ìsọmọlórúkọ àwọn ará ilé lópin ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sínú ilé, kí n gba orin ìyá mi sínú rẹ̀ kí wọ́n tó padà, kí n sì máa kọ tèmi tẹ̀ lé e. Gbogbo ọkàn mi wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ méjì ni mo rí. Àlòkù ni ọ̀kan, ó wà lọ́wọ́ tíṣà kan ní àdúgbò Crab Island, ọ̀kan lára àwọn Akú, ìyẹn àwọn tí baba ńlá wọn ti Freetown wá. Tuntun ni èkejì, àmọ́ inú ìwé àwòrán ni mo ti rí i, lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù ará Lẹ́bánónì kan. Ó ní ọkọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò gbé e dé.

Mo mú ìyá mi lọ wo ti tíṣà. "Kúṣẹ́ o, Mama," ni ó fi kí wọn. Inú wọn dùn pé ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá mọ bí a ṣe ń kí ni. Ẹ̀rọ náà ti ha lára, rọ́bà ni wọ́n fi de ìdérí rẹ̀. Tíṣà ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó juwọ́ sí ìyá mi pé kí wọ́n sọ nǹkan. Wọ́n wúkọ́ díẹ̀, wọ́n mú orin ìwẹ̀ náà bọ ẹnu. Rọ́bà ni èmi ń wò ní tèmi. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu fún àwọn oníbàárà pé ọmọ Yorùbá kì í ta àlòkù, kí wọ́n wá bá àlòkù nílé mi? N kò jẹ́ kí ìyá mi kọrin náà tán tí mo fi ní ká máa lọ.

Lọ́nà, wọ́n ní, "Àkànní, kí ló ṣe ìyẹn? Bí a ò bá rí àdán, a máa ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ."

"Ìyá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Èyí tó dára jù ni mo fẹ́ fi gba ohùn yín."

Ọkọ̀ náà kò tètè dé. Ọ̀sẹ̀ kan di méjì, oṣù kan kọjá. Láràárọ̀ ni ìyá mi ń kọrin, tí èmi ń jẹ búrẹ́dì mi lẹ́nu ọ̀nà láìfetí sí i, torí ẹ̀rọ ń bọ̀. Nígbà tó yá, lẹ́tà dé láti ilé pé àbúrò mi obìnrin ti fẹ́ bímọ. Mo bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. "Ta ni kó wá wẹ ọmọ tìyẹn?" ni wọ́n wí. "Má dààmú, n óò padà wá wẹ èkejì." Mo sìn wọ́n dé èbúté. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ tuntun dé, tó ń dán yinrinyinrin.

Kí ìyàwó mi tó lóyún èkejì, ìyá mi ti kú. Mo béèrè oríkì mi lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó ní tòun ni ìyá wa kọ́ òun.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ìyàwó tíṣà wá sí ìsọ̀ mi. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé; níbi tó ti ń kó ẹrù rẹ̀ jọ ló ti rí kásẹ́ẹ̀tì kan tí ọkọ rẹ̀ kọ "Mama Nàìjíríà" sí lára. Mo gbà á lọ sílé. Mo gbé ẹ̀rọ tuntun mi tó ti di àlòkù jáde, èyí tí èmi náà ti fi rọ́bà de ìdérí rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi wúkọ́. "Omi ló gbóná, ọmọ má sunkún, bàbá rẹ náà sunkún rí, Àkànní ọmọ…" Àfi bí ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe já lu orin náà, tó le, tó dá ara rẹ̀ lójú: "Ó tó, Ìyá, a ti gbọ́."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi bi mí pé kọ̀ǹpútà tí òun fẹ́ máa fi ṣe orin nílé, ṣé kí òun ra tuntun ni àbí àlòkù. Mo ní kó ra èyí tó bá rí lónìí. Ó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ní kọ̀ǹpútà lè yọ ohùn mi kúrò lórí ti ìyá mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó má ṣèyọnu. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ohùn mi níbẹ̀. Ìyá mi ti dákẹ́, torí mo ní kí wọ́n dákẹ́.