Ọkùnrin Tí Wọ́n Gbé Léjìká Lára Ìkòkò

Ọjọ́ tí mo sẹ́ ìyá mi níwájú ìkòkò, ẹnu tèmi ló mú jù ní gbogbo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa. Iṣẹ́ mi ni kí n máa túmọ̀ àwòrán ara ìkòkò àwọn ará Gíríìkì ayé àtijọ́ fún àlejò. Àmì la fi ń dá àwọn akọni inú ìtàn wọn mọ̀. Ẹni tó bá wọ awọ kìnnìún, alágbára wọn nìyẹn; ẹni tó bá ní ìyẹ́ lẹ́sẹ̀, ìránṣẹ́ àwọn òrìṣà wọn ni.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Yèyé mi tó wá láti Odò-Ọ̀wá. N ò rẹ́ni fi wọ́n tì nílé, ni mo bá mú wọn lọ síbi iṣẹ́, mo fi wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo dúró ti ìkòkò kan tí jagunjagun kan ti gbé ọkùnrin léjìká.

"Ọmọ rere nìyí!" Mo gbóhùn sókè. "Ìlú wọn ń jó, ó gbé bàbá rẹ̀ arúgbó sá jáde!"

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́.

"Irọ́ ni," Yèyé wí látorí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú ohùn ilé wa. "Òkú ló gbé. Alààyè á di ẹni tó gbé e mú. Wo apá rẹ̀ bó ṣe ń fì."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan bi mí pé, "Ṣé ẹ mọ màmá yìí ni?"

"Ẹ má dá wọn lóhùn," mo ní. "Wọ́n kàn wá sinmi ni."

Yèyé wò mí.

Ọ̀gá mi, tó ti ń gbọ́ wa látẹ̀yìn, sún mọ́ ìkòkò náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ẹni tí wọ́n gbé pa dé, kò sì ní irùngbọ̀n. Òkú akọni kan tí ọfà pa ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e kúrò lójú ogun.

"Màmá yẹn gbà á o," ọ̀gá mi wí.

Màmá yẹn! N ò sì tún un ṣe pé ìyá mi ni. Ojú ń tì mí títí di òní.

Nígbà tí à ń lọ sílé, mo bi Yèyé bí wọ́n ṣe mọ̀.

"Ṣebí bí Ìdòwú aládùúgbò wa ṣe gbé bàbá rẹ ti oko bọ̀ nìyẹn. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọ̀kadà ò lè débẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Apá rẹ̀ ń fì títí a fi dé ulé."

Inú pósí tí wọ́n ti kàn pa ni mo bá bàbá mi. N ò béèrè rí pé ta ló gbé wọn wálé.

Yèyé ti re ibi àgbà ń rè. Bí mo bá dé ìdí ìkòkò yẹn báyìí, mo máa ń sọ fún àlejò pé, "Ìyá mi ló kọ́ mi ní èyí."

Yèyé ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí.