Ìgbálẹ̀ Angèle àti Igi Tíì Bàbá Ṣófẹ̀

Ẹni tó bá mọ Fáníyì nígbà tó ń wa tasí láàárín Notsé àti Anié kò ní gbà pé òun ló ń jókòó ti igi kan báyìí láti àárọ̀ dalẹ́. Bàbá Ṣófẹ̀, ìyẹn bàbá awakọ̀, la ń pè é ní Glei, ìlú wa. Aládùúgbò rẹ̀ ni mí, àmọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ni mo mọ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Orí títì ló wà nígbà tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ń dàgbà. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé kò sí ohun tó hù tó sì dàgbà lójú òun rí.

Nígbà tó fi ọkọ̀ sílẹ̀, obìnrin kan tó ń ta igi òdòdó ní Atakpamé, tí Fáníyì ti ń bá kó ẹrù tipẹ́, fún un ní igi tíì kékeré kan. Kì í ṣe tíì tí à ń mu o. Igi kúkúrú ni, ewé rẹ̀ tín-ín-rín, bí o bá sì fọwọ́ rún un, yóò máa ta sánsán bí òróró tí wọ́n fi ń pa àyà ẹni tí òtútù mú. Obìnrin náà ní òdòdó funfun ló ń yọ. Fáníyì gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń rí i tí omi kì í sì í dúró sí. Ó ní òun fẹ́ rí òdòdó yẹn kí òun tó kú.

Àmọ́ igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ó bomi rin ín títí, ewé ṣì ń gbẹ. Ní òwúrọ̀ kan ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ló bá rí gbòǹgbò rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbangba. Ìgbálẹ̀ ló ti kó iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Angèle, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wálé láti Anié, ló ń gbá àgbàlá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ náà mọ ilẹ̀ gbá. Ewé kan kì í sùn níbẹ̀ mọ́jú.

Fáníyì wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó tẹ́ ewé gbígbẹ lé e. Ilẹ̀ mọ́, Angèle ti gbá a lọ. Ó tún bò ó, Angèle tún gbá a lọ. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Ṣùgbọ́n Fáníyì ò rẹ́nu sọ ọ́, torí lọ́dọ̀ wa, ìyàwó tí wọ́n bá ní kó má gbálẹ̀ mọ́, wọ́n ní kó máa lọ sílé wọn nìyẹn.

Nígbà tí igi fẹ́ẹ̀ kú tán, Fáníyì pe Angèle.

“Ìyàwó, iṣẹ́ rẹ dára. Igi yìí ni kò fẹ́ kí ohunkóhun máa fara kan gbòǹgbò òun. Jọ̀ọ́, bá mi fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.”

“Kí ewé wà lẹ́nu ọ̀nà yín, Bàbá? Kí làwọn èèyàn máa sọ?”

“Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ nìyẹn.”

Angèle wo abẹ́ igi náà. “Ó dáa, Bàbá.”

Ẹ̀yin náà mọ ẹnu ayé. Kò pẹ́, wọ́n ní ọ̀lẹ ni Angèle, wọ́n ní ó ń bá bàbá ọkọ rẹ̀ jà ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ tasí dé Anié. Ìyá rẹ̀ wá, ó bá a wí lójú gbogbo wa. Angèle kúnlẹ̀, kò sọ pé bàbá ọkọ òun ló bẹ òun. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ni Fáníyì bá jáde. Ó mú ìgbálẹ̀, àgbà ọkùnrin, ó gbá àgbàlá yẹn láti ìkángun dé ìkángun, ó sì fi abẹ́ igi sílẹ̀. “Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́,” ló wí fún ìyá náà. “Ọmọ yín ò ṣẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́.” Àwọn obìnrin àdúgbò rántí iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, igi náà ti rúwé, ó sì ti rudi òdòdó. Ní ìrọ̀lẹ́ kan Fáníyì sọ fún mi pé yóò là lọ́la. Mo ń lọ sóko láàárọ̀, mo rí i pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì tì. Mo sáré lọ síbẹ̀. Mo kan fèrèsé.

“Mo ti jí tipẹ́,” ló wí láti inú ilé. “Jẹ́ kí ọmọ tó jìyà nítorí igi yẹn kọ́kọ́ rí i.”

Angèle dé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó sì dúró. Igi ti funfun.

“Bàbá, ẹ jáde wá wò ó.”

“Ìwọ ti rí i?”

“Mo ti rí i, Bàbá.”

Ìgbà yẹn ló ṣílẹ̀kùn. “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi.”